Láti Àgbádárìgì dé ẹnu òkun Èkó: ẹ má fi òkun sí ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ní òun fẹ́ gbé ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́ńjìnnì 40 (agbára ẹṣin ogójì) kúrò ní Àgbádárìgì láàárọ̀, gba orí ọ̀sà dé Èkó, kó yọjú sí òkun gbangba, kó sì padà sílé kílẹ̀ tó ṣú: ó ṣeé ṣe, àmọ́ bí ẹ ṣe tò ó yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹ bá gbéra ní aago méje, á ti sún mọ́ ọ̀sán kẹ́ ẹ tó dé ẹnu òkun, ìgbà yẹn gan-an ni atẹ́gùn òkun sì ń dìde. Èmi tí mo ti ń tẹ̀ lé bàbá mi gbẹ́rù lọ Èkó lójú omi yìí láti kékeré, òkun ni mo máa ń fún ní àárọ̀, mo á fọ̀sán sílẹ̀ fún ọ̀sà. Ẹ lọ sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ rí òkun ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ wá máa gba ọ̀sà bọ̀ wálé.

Kò sì sí ọ̀nà míì tí ọkọ̀ lè gbà bọ́ sí òkun láti Àgbádárìgì. Òkun wà lẹ́yìn erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú níbẹ̀ yẹn, à ń gbọ́ ariwo rẹ̀, iyanrìn ló dí wa mọ́. Ẹnu tí omi wa ní sí òkun, Kútọnu ni lápá kan, Èkó ni lápá kejì.

Ojú ọ̀sà lé ní kìlómítà 50, wákàtí méjì sí mẹ́ta bí koríko ò bá pọ̀. Kì í ṣe ojú oró tí àwọn bàbá wa fi ń wúre ni mò ń wí o. Èyí tó ń yọ òdòdó àlùkò ni, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó ti ìhà orílẹ̀-èdè Benin bómi wọlé sọ́dọ̀ wa ní 1984. Nígbà míì ó máa ń dí ojú omi pa láti etí kan dé èkejì. Ẹ má fagídí là á. Ẹ dín eré kù, kẹ́ ẹ wá ojú ibi tí ọkọ̀ tó ṣáájú gbà. Kẹ́ ẹ sì máa bojú wẹ̀yìn wo omi tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnnì ń tu jáde, òun ló ń mú un tutù. Bó bá ti ń ṣẹ́, tàbí tó di ooru, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sókè. Ó lè jẹ́ gbòǹgbò koríko ló wé mọ́ pírópẹ́là bí irun tí wọ́n fi òwú dì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lásán ló lẹ̀ mọ́ ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi. Ẹ fọwọ́ yọ ọ́, ẹ máa lọ.

Ẹ yàgò fún àkàjà, àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ kẹ́ja lè sá sí. Bẹ́ ẹ bá bà á jẹ́, ẹni tó ni ín á lé yín dé ilé, ẹjọ́ rẹ̀ á sì tọ́. Ní èbúté Tin Can àti Àpápá, ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má gba iwájú rẹ̀ láéláé. Kò lè dúró.

Ẹnu òkun wá kù. Omi ọ̀sà Èkó, ti Lẹ́kí, odò Ògùn àti tiwa, àárín ògiri òkúta méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1908 ni wọ́n ń gbà jáde. Omi ibẹ̀ kì í gòkè ju bíi mítà kan lọ, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Nígbà tí omi bá ń fà jáde, tí ìgbì òkun ń wọlé bọ̀, àwọn méjèèjì á kọlu ara wọn, ìgbì á nàró ṣánṣán, á sì máa fọ́ lé orí ọkọ̀. Láti June sí September ló burú jù. Nítorí náà, ìgbà tómi bá kún tó dúró, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ni kẹ́ ẹ jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, á sì fi bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì.

Ẹ dúró ní Tarkwa Bay, etí omi tó wà nítòsí ẹnu òkun yẹn, ná, kẹ́ ẹ wo ẹnu ọ̀nà yẹn dáadáa. Bẹ́ ẹ bá rí ìfófòó funfun tó nà láti òkúta kan dé èkejì, ẹ ra ẹja jẹ, kẹ́ ẹ yí padà. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí àwọn ìgbì ńlá kọjá, torí wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn ni, kí ara omi tó rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ dá orí ọkọ̀ ní ìdábùú díẹ̀ sí ìgbì, kẹ́ ẹ dín eré kù bó bá ti ń gorí rẹ̀, kó má baà já lulẹ̀ gbì. Ẹ jìnnà sí òkúta, ìgbì tó bá lù ú á padà wá bá yín láti ẹ̀gbẹ́.

Lóde, ìgbì á gùn, á sì rọra, ó máa ń ya àwọn tó ti ń bẹ̀rù lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ etíkun. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìdákọ̀ró lẹ kọ́kọ́ máa jù, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa tú ẹ́ńjìnnì. Okùn rẹ̀ yẹ kó gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, kó sì wà níwájú ọkọ̀, kì í ṣe lábẹ́ ẹrù.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì, gbogbo èèyàn, kí wọ́n dè é lára, pẹ̀lú ẹni tó ń wa ọkọ̀. Epo: ìdá kan àlọ, ìdá kan àbọ̀, ìdá kẹta ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ ò sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ kó. Bí wọ́n bá tó mẹ́jọ lórí ẹ́ńjìnnì 40 kan ṣoṣo, èmi ò ní gbé wọn kọjá Tarkwa Bay.