Ìyá Ìbejì ti Calgary, ẹ má ra ohun tó wà ní láíbúrérì yín o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ìyá Ìbejì. Àná ni mo rí ìbéèrè yín, iná ni ò sí, fóònù mi sì ti kú, òun ni mi ò ṣe tètè fèsì. Ẹ ní ẹ ń bọ̀ ní Àbújá ní Disẹ́ńbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé àwọn ìbejì ti pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n wọn ti pé mẹ́sàn-án, pé ẹ fẹ́ ra ìwé tó ní àwòrán tó dáa àti ìwé ìmọ̀ nípa ilé kí ẹ kó padà sí Calgary, ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ máa yà sí àti ohun tí ẹ máa rà. Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Kubwa l'Ábújá ni mò ń gbé, àbúrò mi obìnrin wà ní Toronto, èmi ni mo ń ra ìwé ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹ̀ láti bí ọdún mẹ́fà, owó tí mo sì ti fi ṣòfò níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo láíbúrérì àdúgbò yín lọ́hùn-ún. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo kó ìwé ọmọdé mẹ́rin tí Atinuke kọ ránṣẹ́, mo wé e dáadáa, mo sanwó kílò, àbúrò mi ṣí páálí tán ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yá wa ní gbogbo eléyìí níbí. Ìbàdàn ni wọ́n bí Atinuke sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń tẹ àwọn ìwé ẹ̀, ó sún mọ́ ẹ̀yin ju àwa lọ. Ẹ sì wá a o, torí pé ó bá yín mu gan-an. Ìyá Anna Hibiscus, ọmọbìnrin inú àwọn ìwé náà, ará Kánádà ni, bàbá ẹ̀ ọmọ ilẹ̀ wa, àwọn àbúrò ẹ̀ sì jẹ́ ìbejì tí wọ́n ń pè ní Double àti Trouble (ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì yín á ní òun mọ̀ wọ́n). Ó tún wà èyí tí Anna lọ kí ìyá ìyá ẹ̀ ní Kánádà tó lọ rí sínóò, àwọn tiyín ló wá ń rin ìrìn àjò yẹn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò dárúkọ ìlú, Áfíríkà, Áfíríkà ṣáá ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ilé wa pọ́ńbélé ni. Ẹ bá wọn dárúkọ ẹ̀ fúnra yín.

Fún àwọn ìbejì, Baby Goes to Market tí òun náà kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yá. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ lọ́jà, ìyá ò mọ nǹkan kan, àwọn ọlọ́jà ń fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ọsàn márùn-ún, chin-chin mẹ́rin, àgbàdo mẹ́ta, àgbọn méjì, tó bá ti jẹ ẹyọ kan, ìyókù á bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ orí ìyá. Yorùbá ni kí ẹ fi kà á, ó jẹ ọ̀kan, ó ku mélòó, ó ku márùn-ún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kígbe "màmá, ẹ wẹ̀yìn!" títí tí yàrá kejì á fi wá bá mi pé kí ló dé. Ìwé tí ọmọ bá ti mọ ohun tí ẹni inú àwòrán ò mọ̀, kì í sú u.

Ẹ yá Africa, Amazing Africa fún ẹ̀gbọ́n wọn, ọdún 2019 ló jáde, ìwé ìmọ̀ ni, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tiẹ̀. Ẹ tún wá ti Ìdíà ìyá Ọba Esigie ti Benin, Ekiuwa Aire ló kọ ọ́, Kánádà yín níbẹ̀ lòun náà ń gbé. Tó bá kà á tán, ẹ fi ère eyín erin tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún àṣà FESTAC 77 hàn án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ojú màmá yẹn nìyí.

Ó wá ku ohun tó yẹ kó gba ààyè nínú kílò mẹ́tàlélógún yín. Aláwìíyé ni àkọ́kọ́, èyí tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ, kò sẹ́ni tó kàwé Yorùbá nílé ìwé tí ò mọ̀ ọ́n. Àwòrán ẹ̀ ò tàn bíi tòyìnbó, ẹ má retí ìyẹn, ṣùgbọ́n gbólóhùn inú ẹ̀ kúrú, ẹ̀yin náà á sì rántí bẹ́ ẹ ṣe kà á, ohùn yín á yàtọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà á fún wọn. Ìwé kìíní àti ìkejì ti tó ná. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé Àbújá kì í ṣe Ìbàdàn. Ẹ wọ ọjà Wúsè, ẹ ó rí ìwé Haúsá, Magana Jari Ce tí Abubakar Imam kọ láyé àtijọ́ wà ńbẹ̀ digbí, ẹ béèrè Yorùbá, wọ́n á ní "madam, sai gobe," ó dọ̀la nìyẹn. Èmi ò wá a l'Ábújá mọ́. Ẹ bẹ ẹbí kan n'Íbàdàn kó rà á ní Dùgbẹ̀, kó fi wébíìlì sínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Jabi tàbí Utako, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára páálí níta àti sínú ìwé kékeré kan nínú, kó gba nọ́ńbà dírẹ́bà, ẹni yín á lọ gbà á ní páàkì lọ́jọ́ kejì. Kí ó ti ṣe é kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì, torí pé ẹrù gbogbo Nàìjíríà ló ń rìn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹni tó fèsì ṣáájú mi tó ní kí ẹ ra Fágúnwà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo kí i, ọkàn ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" ló gbọ́ nínú Yorùbá, tẹ́ ẹ bá gbé Ògbójú Ọdẹ fún un, ẹ ti lé e nìyẹn. Ẹ rà á fún ara yín kí ẹ máa fi ẹnu sọ ìtàn inú ẹ̀ fún un lálẹ́.

Nípa ṣọ́ọ̀bù, Rovingheights wà ní Wúsè 2, The Booksellers wà ní Gárkì, ẹ lè fi àárọ̀ ọjọ́ kan ṣe méjèèjì. Àbújá níbí náà ni wọ́n ti dá Cassava Republic sílẹ̀ ní 2006, ẹ béèrè ìwé ọmọdé wọn, pàápàá Mayowa and the Masquerades tí Lọlá Ṣónẹ́yìn kọ. Ẹ tún béèrè àwọn ìwé pẹlẹbẹ Lantern tí Literamed ń tẹ̀, wọn ò wúwo, ọmọ lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò dáa bákan náà ṣá, torí náà, ẹ ṣí àárín ìwé, ẹ ka ojú ewé kan sókè níbẹ̀, ẹ má tijú. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ìwà ló ń já lu ara wọn, ọmọ burúkú kú, ọmọ rere gba ẹ̀bùn, ẹ dá a padà. Lójú títì, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Tí kọ́lọ̀ bá ti jáde kúrò nínú ìlà, tójú èèyàn inú àwòrán di méjì, tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ń rùn, kò ní dé Calgary láì tú.

Ẹ má sì fojú di àwọn àwòrán ara ògiri tí wọ́n ń tà ní gosíló o, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa ń gbé e kọ́ apá ní Berger. Èso, ẹranko, ẹ̀yà ara, ABD. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ ká a, ẹ tì í sínú báàgì, ó tán. Ti ABD yẹn, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó, lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ wo ẹ àti ọ àti ṣ bóyá àmì wà nísàlẹ̀ wọn, ẹ wo gb bóyá ó dá dúró. Mo ti ra èyí tí C wà nínú ẹ̀ rí.

Ibi ìwé ìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti burú. Èyí tó pọ̀ jù níbí, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn ni, ta ni gómìnà àkọ́kọ́, kí ni olú ìlú ìpínlẹ̀ báyìí, ọmọ á kọ́ ọ sórí fún kuìsì, á gbàgbé. Àwọn tó ní àwòrán dáadáa, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá, ẹ̀yin sì ti ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ni pé mo ra álúbọ́ọ̀mù fọ́tò kékeré, irú èyí tó ní nylon, mo fi owó náírà sínú ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ogún náírà síbẹ̀, ẹ yí i padà, obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn ẹ̀ yẹn ni Ladi Kwali, ọmọ abúlé Kwali tó wà nínú Àbújá níbí, ó jókòó kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ní ilé ìkòkò tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, dá sílẹ̀ ní Suleja, ìlú tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń jẹ́ Àbújá kí wọ́n tó gba orúkọ náà fún olú ìlú tuntun. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún náírà síbẹ̀, èyí tó ní Awólọ́wọ̀ níwájú, Òkè Zuma lẹ́yìn. Ẹ wá wa àwọn ọmọ lọ sí ọ̀nà Kaduna lọ́jọ́ Sátidé, tẹ́ ẹ bá ti ń dé Madalla, òkè yẹn á yọ, ẹ na owó náà sókè lójú fèrèsé. Ọmọ àbúrò mi ti ṣe é, ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn, ó pariwo nínú mọ́tò bí ẹni pé òkè náà jáde láti inú owó. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún yín ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ fi sí ojú ewé tó kọjú sí owó náà, kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ilé màmá yín, ìkòkò wọn, ọlọ, ẹnu ọ̀nà. Owó yẹn ṣá, ẹ má kọ nǹkan sí i lára, ẹ má sì fi pín-ìn-nì gún un, òfin báńkì àgbà ò gbà á, àwa náà tá a ń náwó lágbo àríyá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìtàn tó gùn díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, Chike and the River tí Achebe kọ ní 1966. Chike fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Onitsha lọ sí Asaba, kò lówó. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí kò gba orí afárá, mo ní kò tíì sí láyé Chike, 1965 ni wọ́n parí afárá yẹn, ló bá ní ká wá máàpù, ká wo ìkejì tí wọ́n ṣí ní 2023 náà, bí ìwé ìtàn ṣe di ìwé ìmọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ tún wá The Missing Clock tó gba ẹ̀bùn ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là ní 2011, orúkọ Haúsá, Mai Nasara, ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n Adélékè Adéyẹmí ló kọ ọ́. Boom Boom tí Jude Idada kọ náà gba ẹ̀bùn yẹn ní 2019, ọ̀rọ̀ fọníkúfọládìde ló dá lé, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹkún wà nínú ẹ̀, ẹ jókòó tì í kà á, pàápàá tí AS bá wà nínú ìdílé yín.

Tí owó bá sì ti lọ tán, ẹ wọ sáìtì African Storybook, ẹ yan Yorùbá, ìwé aláwòrán ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì fàyè gbà á kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Kí ẹ ti kọ́kọ́ kà á fúnra yín, torí pé Yorùbá àwọn kan níbẹ̀ ń rìn bí òyìnbó.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kilishi sínú ẹrù ìwé. Èmi ni mo ṣe é, mo ní kí ẹni tó ń lọ sí Toronto bá mi gbé e, mo wé kilishi sáàárín ìwé kí ó má baà fọ́. Kánádà ò gba ẹran láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n tú ẹrù, wọ́n mú kilishi lọ, wọ́n dá ìwé padà fún un, òróró àti ata ti wọnú ẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Ọmọ àbúrò mi ṣì máa ń gbóòórùn ìwé yẹn kó tó kà á, kò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí bàálù yín máa gúnlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ogún náírà tó mọ́ ti ń ṣọ̀wọ́n, mo ní mẹ́ta lọ́wọ́, màá fi pamọ́ dè yín.