Ẹ Bi Wá: Àríwísí Tó Wúlò Lórí Fọ́tò Dúdú àti Funfun

Ìbéèrè: Àwa mélòó kan la máa ń fi fọ́tò dúdú àti funfun tí a yà han ara wa. Tó bá kàn mí láti sọ̀rọ̀, "ó dára" tàbí "ó ti ṣókùnkùn jù" ló máa ń jáde lẹ́nu mi. Ẹnì kan bínú láìpẹ́ yìí, ó ní ọ̀rọ̀ mi ò ṣe òun láǹfààní. Kí ni kí n máa sọ?

Ìdáhùn: Ẹni yẹn ò jẹ̀bi. "Ó ti ṣókùnkùn jù" kò sọ ibi tó ṣókùnkùn, kò sì sọ ohun tí òkùnkùn náà gbé mì. Ká ní obìnrin kan ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú fọ́tò náà. Ẹ lè sọ pé: "Fèrèsé ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá, torí ibẹ̀ ló funfun jù, ó pẹ́ kí n tó rí ojú obìnrin yìí. Irun rẹ̀ àti ògiri ẹ̀yìn ti di dúdú kan náà, mi ò mọ ibi tí orí parí sí." Ẹni tó yà á ti mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn nìyẹn. Ẹ wá dábàá pé kó mú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wálẹ̀ díẹ̀, kó sì tan ògiri náà títí irun yóò fi yọ.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Ẹlòmíì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òjìji bo gbogbo nǹkan kí ojú nìkan lè yọ. Tí ẹ bá ní kó tan òjìji yẹn, fọ́tò tiyín lẹ fẹ́ kó yà.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè sọ bí nǹkan ṣe dúdú tó. Ansel Adams àti Fred Archer, àwọn ayàfọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, pín un sí ìpele 11, láti 0 tó dúdú kirikiri dé 10 tó funfun báláú. 5 ni àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà ní 3, ẹ gbé e dé 4 tàbí 5" yéni ju "ẹ tan án" lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí awọ tó dúdú tàn dé 6 tàbí 7 nítorí pé ti aláwọ̀ funfun máa ń wà níbẹ̀. Ní 4, tí ìmọ́lẹ̀ bá kọ mànà lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pé.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú fóònù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lókè pátápátá, torí ó ń bo àṣírí òjìji tó ti dúdú débi pé kò sí nǹkan kan tó hàn nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wo histogram, àwòrán kékeré nínú kámẹ́rà tàbí ètò àtúnṣe fọ́tò tó ń fi hàn bí ibi dúdú àti ibi funfun ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò. Nínú JPEG, ìyẹn irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, 0 ni dúdú pátápátá, 255 ni funfun pátápátá. Iwájú orí tàbí aṣọ funfun tó bá ti dé 255 ti jó, ìyẹn ni pé ohun tó wà níbẹ̀ ti pòórá sínú funfun. Eérú lásán lẹ máa rí tí ẹ bá fà á wálẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ lè ṣì kù díẹ̀ nínú RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Tó bá jẹ́ gílóòbù tó ń tàn ló dé 255, kì í ṣe àṣìṣe.

Ìbéèrè: Aṣọ pupa láàárín ewé tútù yọ dáadáa nígbà tí fọ́tò ọ̀rẹ́ mi ṣì ní àwọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ di dúdú àti funfun, aṣọ náà pòórá. Ṣé kámẹ́rà ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Pupa àti àwọ̀ ewé yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wọn lè dọ́gba, eérú kan náà ni wọ́n á sì dà. Kó padà sí fọ́tò aláwọ̀, nígbà tó bá sì ń yí i padà nínú ètò àtúnṣe fọ́tò, kó fa pupa sókè kó lè mọ́lẹ̀ sí i, kó fa àwọ̀ ewé sílẹ̀ kó lè ṣókùnkùn sí i. Kó máa wo ètè àti awọ ojú bó ṣe ń fà á, torí pupa wà nínú wọn, wọ́n lè funfun jù bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Tó bá sì tún fẹ́ kí ojú ọ̀run dúdú, kó má fa búlúù sílẹ̀ jù: àmì hóró hóró bí iyanrìn á yọ níbẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yí etí àwọn ewé ká.