Ìpolówó tó ń já lu ojú kọ̀ǹpútà: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń gbà wọlé

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní ẹ ti sọ fún Chrome, bùráwúsà tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, pé kó má gba pop-up láyè, síbẹ̀ àpótí ìpolówó kò yéé yọ ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà yín, tó ń pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú ẹ̀rọ, kódà nígbà tí ẹ ò ka nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń ṣe yín yẹn ṣe èmi náà fún odidi oṣù mẹ́ta. Níbi tí mo ti ń wá ojútùú kiri ni mo ti pàdánù àwọn fọ́tò tí mi ò rí gbà padà títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe pop-up ló ń yọ yín lẹ́nu. Fèrèsé tuntun tí ìkànnì kan bá ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí a wà lórí rẹ̀ là ń pè ní pop-up. Nǹkan àtijọ́ ni. Ethan Zuckerman, tó kọ kóòdù rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Tripod lápá ìparí àwọn ọdún 1990, ti tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́dún 2014. Láti 2004, nígbà tí Firefox 1.0 jáde, tí Internet Explorer inú Windows XP náà sì gba àtúnṣe, ni àwọn bùráwúsà ńlá ti ń dí i fúnra wọn. Ohun tó ń yọ sí yín ní igun yẹn, nótífíkéṣọ̀n ni, ìyẹn ìfitónilétí kékeré. Láti 2015 ni Chrome ti gbà kí ìkànnì tí a bá fún láṣẹ máa fi í ránṣẹ́, bí a tilẹ̀ ti pa ojú ìwé rẹ̀ dé. Ẹ ti fún ìkànnì kan láṣẹ, ẹ ò mọ̀ ni.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ mi nìyí. Mò ń wá ìwé ìlànà ẹ̀rọ kan tí mo fẹ́ tún ṣe, ni mo dé ojú ìwé kan tó ní kí n tẹ “Allow” láti fi hàn pé èèyàn ni mí, n kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sì gbà á lóòótọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Èyí tó wá dun ọkàn mi jù ni pé mo gba ètò ìfọ̀mọ́ tí ìpolówó náà fúnra rẹ̀ júwe fún mi, mo fi í sínú ẹ̀rọ. Ètò yẹn gbé extension kan, ìyẹn ètò kékeré tí a ń fi kún bùráwúsà, wọ inú bùráwúsà mi, bí mo bá sì ti ń wá nǹkan, ibòmíràn ni yóò gbé mi lọ.

Mo nu gbogbo ẹ̀rọ náà kúrò, mo tún Windows tẹ̀ sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò lọ. Àmọ́ bí mo ṣe wọ àkáǹtì mi padà nínú Chrome báyìí, extension yẹn tún padà wá, nítorí àkáǹtì náà ti tọ́jú rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù. Mo jókòó, ara mi ò gbé e mọ́.

Ìgbà tí mo fara balẹ̀ wo àpótí náà dáadáa ni mo rí i pé wọ́n kọ orúkọ bùráwúsà àti àdírẹ́sì ìkànnì kan sínú rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ẹ wo tiyín náà, yóò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún Chrome, ẹ wọ “Settings”, “Privacy and security”, “Site settings”, kí ẹ wá tẹ “Notifications”. Ẹ ó rí orúkọ àwọn ìkànnì tí ẹ ti fún láṣẹ. Gbogbo èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́. Èmi ò fún ẹyọ kan láṣẹ mọ́, mo sì ti pàṣẹ níbẹ̀ pé kí wọ́n má tilẹ̀ béèrè mọ́. Orí fóònù Android náà, Chrome ní irú ibẹ̀ yẹn.

Ẹ tún tẹ chrome://extensions síbi àdírẹ́sì. Èyí tí ẹ ò bá rántí pé ẹ fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, pípa á nìkan ò tó.

Bí ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì bá wá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ má tẹ X tó wà nínú rẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà àwòrán lásán ni wọ́n yà síbẹ̀. Ctrl, Shift àti Esc ni kí ẹ jọ tẹ̀, Task Manager yóò ṣí, kí ẹ yan bùráwúsà náà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ “End task” láti pa á. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ẹ má pè é láéláé.

Ní ti ohun tó ń dí ìpolówó, uBlock Origin ti Raymond Hill ni mò ń lò, nínú Firefox. Chrome ti yí òfin extension rẹ̀ padà, kò gba ojúlówó rẹ̀ mọ́, uBlock Origin Lite ló kù níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ orúkọ náà dáadáa, nítorí ohun mìíràn ni èyí tó ń jẹ́ uBlock lásán. Firefox orí Android gba extension, Chrome orí Android ò gbà á. Àwọn kan máa ń ní à ń fi èyí gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ni ìkànnì. Mo mọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pa á lórí àwọn ìkànnì tí mò ń kà déédéé, tí ìpolówó wọn kì í fò mọ́ni. Àmọ́ FBI ti Amẹ́ríkà fúnra wọn gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní December 2022 pé kí wọ́n máa lò ó, nítorí àwọn ọ̀daràn ń ra àyè ìpolówó láti fara wé ilé-iṣẹ́ gidi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi “Notifications” yẹn ná. Tí àpótí náà bá tún yọ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é, ẹ da àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ kọ fún mi, a ó jọ wá ibi tó ń gbà wọlé.