Bí orin bá gbẹ lọ́wọ́ rẹ, lọ jókòó ti onígángan

Àbúrò mi tó ń kọ orin ìyìn, o ní láti ìgbà Àjíǹde ni orin tuntun kankan ò ti wá sí ọ lọ́kàn mọ́, o sì ní o ti pa etí dé sí fújì, àpàlà àti jùjú kí wọ́n má baà da orin ìjọ rẹ rú. N ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: etí tí o pa dé yẹn gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Gìtá ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú kan n'Íbàdàn níbí kí n tó bọ́ sídìí orin ìjọ. Ọ̀gá wa nígbà náà kì í jẹ́ kéèyàn mí. Bí a bá ti ṣeré òru tán ní Mọ́níyà, kí a tiẹ̀ tó di ẹrù tán, á ní, "Orin tuntun dà?" Nígbà tí n ò rí nǹkan mú wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó mi. Mo tilẹ̀kùn mọ́rí, mo gbààwẹ̀, mo ń gbọ́ jùjú láàárọ̀, mo ń gbọ́ ọ lálẹ́. Gbogbo ohun tó ń jáde lọ́wọ́ mi ń dún bí orin ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Onígángan wa ló yọ mí. Ó ní kí n gbé gìtá sílẹ̀, kí n máa sọ̀rọ̀, òun á máa fi ìlù tún un sọ. Ó há gángan sábíyá: bó bá fún okùn awọ ara rẹ̀, ohùn á ga, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán tí mo ń sọ ti di orin lọ́wọ́ rẹ̀, n ò tíì kọ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sọ́jà. Obìnrin kan wà ní Bódìjà tó máa ń ké pé, "Ata ti dé, ata ò wọ́n mọ́!" Gbọ́ ọ dáadáa: re re re mí, re re dò mí mí. Mo gbé ìró yẹn lọ sílé, mo wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu: "Ire ti dé, ire ò wọ́n mọ́." Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ fi "àánú" síbẹ̀, kò gbà. Dò mí mí ni àánú. Bí o bá tì í sórí re re, etí olùgbọ́ á kọ̀ ọ́. (Àwọn orin ìjọ tí a tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì kún fún irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n panu mọ́, àwọn àgbà ìjọ mi ń ka èyí.)

Ní ti pé kí orin má lọ dà rú, inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí fún sààrì nígbà ààwẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister, ọmọ Ìbàdàn, ti yọ fújì. I.K. Dairo ta àkọ́díọ̀nù sí jùjú. Nígbà tó yá, King Sunny Adé lọ mú gìtá àgbélẹ̀ tí àwọn olórin country ń lò l'Ámẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn, Demola Adepoju sì ń fi í sunkún láàárín àwọn gángan. Ta ló gbọ́ ọ tó ní kì í ṣe jùjú? Kì í ṣe pé wọ́n gbé orin olórin o. Ohun èlò àti ọgbọ́n ni wọ́n yá, wọ́n fi kọ tiwọn.

Bí orin bá sọ sí ọ lọ́kàn, máa fi fóònù gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orin tó bá bá ọ nínú mọ́tò kì í bá ọ délé. Mo ti kùn sí fóònù nínú Micra láti Ìwó Road títí dé Challenge rí, tí awakọ̀ ń fi díńgí wò mí bóyá orí mi pé.

Wá onígángan kan ládùúgbò rẹ, kó o lọ bá a ní Mọ́ńdè tàbí Túsídeè, torí láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń múra òde. Mú owó dání. Wọn kì í kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, má sì ná an lówó bí ẹni ń ra ata.