Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Láti WAEC dé Ẹnu Ọ̀nà Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló gba gbogbo àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì dáhùn èyí tó máa wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé kì í ṣe máàkì tó kéré nìkan ló ń dá ọmọ dúró sílé. Ìwé tí kò bára mu ń dá wọn dúró púpọ̀.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, èsì kò tíì jáde. Ṣé ó lè gba fọ́ọ̀mù JAMB báyìí, àbí kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀? (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́)

Ẹ má jẹ́ kí ó dúró, mà. JAMB fàyè gba ẹni tó ń retí èsì, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní "awaiting result". Yóò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀, yóò sì jókòó ṣe ìdánwò bíi ti àwọn yòókù: iṣẹ́ mẹ́rin, ìbéèrè 180, wákàtí méjì. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù sì ní 40.

Ẹ̀yìn ìdánwò ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Nígbà tí èsì WAEC bá jáde, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí oṣù kẹjọ, ẹ má rò pé yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé JAMB. Ọmọ yín ló máa lọ sí sẹ́ńtà CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n bá a gbé e sórí ìkànnì JAMB. Kí ó mú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ JAMB rẹ̀ lọ, pẹ̀lú èsì tí ó ti tẹ̀ jáde, ọdún tó ṣe é, àti nọ́ńbà ìdánwò WAEC. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ mẹ́wàá: méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ṣe ìdánwò, mẹ́ta tó kẹ́yìn jẹ́ tirẹ̀. Káàdì tí a fi ń wo èsì WAEC kò ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Nítorí náà, kí ó tẹ ẹ̀dà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì tọ́jú káàdì yẹn dáadáa, torí ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mú un lè tún béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ó má ṣe kúrò ní sẹ́ńtà láìfi ojú ara rẹ̀ rí i. Yóò wọ àkáǹtì JAMB rẹ̀, yóò tẹ "Check Admission Status", lẹ́yìn náà "Access my CAPS" (CAPS ni ètò tí JAMB fi ń ṣe ìgbàwọlé), kí ó wá wo ibi tí wọ́n kọ "My O'Level" sí. Bí fóònù ló fi wọlé, kí ó yí i sí "Desktop site", nítorí àwọn àkọlé ẹ̀gbẹ́ kì í hàn lójú fóònù, ẹlòmíràn á sì rò pé èsì òun ti sọnù. Kí ó ka gréèdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè sọ C6 di D7, ó lè ṣi ọdún tẹ̀, ó sì lè gbàgbé èsì ìjókòó kejì pátápátá, bí ọmọ bá ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tó tún burú ju ìyẹn lọ. Nígbà post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn UTME (ìdánwò JAMB), ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò ní kí ọmọ gbé èsì sórí ìkànnì tiwọn. Ọmọ á ṣe ìyẹn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò ní rántí ti JAMB mọ́. Ọ̀tọ̀ ni ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti JAMB. Láti 2017, orí CAPS tí í ṣe ti JAMB ni ìgbàwọlé gbogbo ń gbà kọjá. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ mú ọmọ yín, tí wọ́n sì bá òfìfo lórí CAPS, ẹlòmíràn ni wọn yóò mú.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé "held" ló jáde níwájú èsì, a jẹ́ pé WAEC ṣì ń wádìí ẹ̀sùn kan ni, kò sì sí ohun tí a lè gbé lọ síbì kankan títí wọn yóò fi tú u sílẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn òbí kan fi ń jẹ́ kí ọmọ ṣe NECO mọ́ WAEC lọ́dún kan náà. Bí owó bá wà, a fara mọ́ ọn.

"Oluwa" wà níwájú orúkọ mi lórí WAEC, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kúrò lórí NIN. Ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ náà fi ọdún kan yàtọ̀. Ṣé ó lè dá wàhálà sílẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo)

Ó lè dá a sílẹ̀ gan-an. Lọ tún NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) ṣe kí o tó gba profile code, ìyẹn nọ́ńbà tí JAMB ń fún èèyàn kó tó gba fọ́ọ̀mù.

Ìdí ni pé nígbà tí o bá kọ NIN, tí o fi àyè sílẹ̀, tí o kọ nọ́ńbà mọ́kànlá rẹ tẹ̀ lé e, tí o sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, ọ̀dọ̀ àjọ NIMC tó ń ṣètò NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ jáde. Bí wọ́n bá ṣe rí níbẹ̀ ni wọ́n ṣe máa wà lórí fọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà kò lè fọwọ́ kàn án, bí o tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Fóònù tí o bá fi ránṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ, kì í ṣe ti bọ̀dá rẹ tàbí ti oníkàféè. Nọ́ńbà kan, ọmọ kan ni, orí rẹ̀ sì ni JAMB yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ títí dé òpin.

Èwo ni kí o wá yí padà nínú méjèèjì? Bí èyí tó wà lórí WAEC bá jẹ́ òótọ́, jẹ́ kí NIN tẹ̀ lé e, torí ìwé WAEC ló ṣòro yí jù. Àtúnṣe orúkọ lórí NIN kò le púpọ̀. Ọjọ́ ìbí ló máa ná ọ lówó gidi, wọn yóò sì béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, NPC. Ìwé ìbúra kóòtù tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ ṣe kì í yí ohunkóhun padà nínú kọ̀ǹpútà NIMC. Ó kàn ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni. Bí o bá ti forúkọ sílẹ̀ ná, tún NIN ṣe síbẹ̀síbẹ̀, kí o wá sanwó àtúnṣe lọ́dọ̀ JAMB lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè tún un fà.

Ọ̀rọ̀ yìí ń bá àwa Yorùbá fínra lọ́pọ̀lọpọ̀. "Shola" àti "Sola", "Olu" àti "Oluwa", ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo bí olùkọ́ ṣe kọ orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ fún WAEC kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Iṣẹ́ ọnà (art) ni mo kà. Mo ní kírẹ́díìtì mẹ́fà nínú WAEC, Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n D7 ni mo gbà nínú Ìṣirò. Ìmọ̀ òfin ni mo fẹ́ kà. (Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Òfin tí gbogbo wa mọ̀ látẹ̀yìnwá ni kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú wọn, láàárín ìjókòó tí kò ju méjì lọ. A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 kàn yege ni, a kì í kà wọ́n mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé kírẹ́díìtì Ìṣirò kì í ṣe dandan mọ́ fún àwọn tó fẹ́ ka iṣẹ́ ọnà, pé orí àwọn onísáyẹ́ǹsì, onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ àwùjọ ló kù sí. Wọ́n sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kò túmọ̀ sí pé ọmọ lè kọ̀ láti jókòó ṣe Ìṣirò nínú WAEC tàbí NECO. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ọ, ṣùgbọ́n má tíì jó. Ohun tí ìjọba kéde yìí ni èyí tó kéré jù. Ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ sórí IBASS, ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yan yunifásítì àti kóòsì, kí o ka ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú WAEC àti nínú UTME. Lẹ́yìn náà, wo ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì bá ta kora, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni kí o fi múra.

Tí wọ́n bá ṣì ń béèrè Ìṣirò, ṣe GCE (WAEC tí ẹni tó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ń ṣe) tàbí NECO ti òpin ọdún, kí o so ó mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́. Ìdánwò kan lọ́dún kan ni ìjókòó kan. WAEC pẹ̀lú NECO ti di méjì, kódà bó jẹ́ ọdún kan náà lo ṣe wọ́n. O kò lè tún mú ẹ̀kẹta wá. Kí o sì fi í sọ́kàn pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í gba ìjókòó méjì fún àwọn kóòsì tí èrò pọ̀ sí.

Fún UTME, Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ méjì míràn láti ẹ̀ka ọnà tàbí ìmọ̀ àwùjọ ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún ìmọ̀ òfin. Yorùbá wà lára iṣẹ́ tí JAMB ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu bí àwọn ọmọ tó gba A nínú rẹ̀ ní WAEC ṣe ń sá fún un.

Mo gba 238 ní JAMB, ọ̀rẹ́ mi gba 221. Yunifásítì kan náà, kóòsì kan náà. Wọ́n mú un, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe èrú nìyẹn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ó lè má jẹ́ èrú rárá. Ó ṣọ̀wọ́n kí yunifásítì ńlá fi máàkì JAMB nìkan mú èèyàn. Wọ́n máa ń rò ó pọ̀ mọ́ nǹkan míràn, bí wọ́n sì ṣe ń rò ó yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi mẹ́jọ pín máàkì JAMB, wọ́n á fi méjì pín ti post-UTME, wọ́n á sì ro méjèèjì pọ̀. Ká ní ibẹ̀ lẹ lọ: 238 fún ọ ní 29.75. Bí o bá gba 54 nínú post-UTME, ìyẹn jẹ́ 27, àpapọ̀ rẹ di 56.75. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní 221 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 27.625. Bí òun bá gba 66, ó ti fi 33 kún un, ó di 60.625. Máàkì 17 tí o fi jù ú ní JAMB kò ju méjì àti díẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n pín in tán, ṣùgbọ́n 12 tí ó fi jù ọ́ ní post-UTME di mẹ́fà gbáko. Ní Yunifásítì Èkó, èsì WAEC pàápàá ní máàkì tirẹ̀, 20 nínú 100: A1 kan jẹ́ 4, C6 kan jẹ́ 2. Ẹni tó ní C6 márùn-ún ti fi máàkì mẹ́wàá sílẹ̀ kó tó gbé bírò.

Èkejì ni ìpínlẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ máa ń pín ààyè sí ọ̀nà mẹ́ta: 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún máàkì gíga láti ibikíbi, 35 fún ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ẹni tó ń rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Kwara àti Kogi wà nínú èyí tó kẹ́yìn yìí, kí àwọn òǹkàwé wa láti Ìlọrin àti Kàbà fi sọ́kàn.

Ẹ̀kẹta ni ipò tí o kọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá kì í wo ẹni tí kò fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Kí èèyàn fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ìkejì, ààyè ló fi ṣòfò. Má sì jẹ́ kí 150 tí JAMB fi lélẹ̀ fún yunifásítì ní 2025 tàn ọ́ jẹ: Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó kò wo ẹni tí kò tó 200. Bí máàkì bá já ọ kulẹ̀, tètè sanwó láti yí ilé-ẹ̀kọ́ padà kí fọ́ọ̀mù post-UTME ibòmíràn tó parí, kí o sì rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin tí o ṣe bá kóòsì tuntun náà mu.

Ṣé WAEC ọdún 2014 ṣì wúlò? JAMB mi ti ọdún tó kọjá ńkọ́? (Bàbá kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

WAEC kì í bàjẹ́, sà. JAMB ọdún tó kọjá ti lọ, ọdún kan péré ló ń lò. Ẹ ó gba tuntun.

Ọmọ mi ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. (Ìyá kan, Ìkòròdú)

Mẹ́rìndínlógún ni ìjọba fi lélẹ̀ báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di méjìdínlógún ní 2024. Ẹni tí kò bá tó o ní láti gba ó kéré tán 320 nínú 400, wọn yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ọdún kan, mà.

Ẹnì kan ní òun mọ ọ̀gá kan tó máa fi ọmọ mi wọlé, pé ọ̀rọ̀ CAPS á yanjú tó bá yá. (Òbí, Sagamu)

Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò gba orí CAPS wọlé kò ní ní ìwé ìgbàwọlé JAMB. Ó lè kàwé fún ọdún mẹ́rin kó má mọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ ránṣẹ́ sí NYSC ni ọ̀rọ̀ á tó bẹ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mo yàn, ṣùgbọ́n CAPS ń sọ fún mi pé Báyọ́lọ́jì ni wọ́n fẹ́ fún mi. Kí ni kí n tẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)

Má tẹ nǹkan kan lónìí. Èyí tó wà níwájú rẹ ni "transfer": ilé-ẹ̀kọ́ kò rí ààyè fún ọ níbi tí o fẹ́, wọ́n wá ń béèrè bóyá wàá gba ibòmíràn. Bí o bá gbà, o ti kúrò nínú ìdíje Nọ́ọ̀sì fún ọdún yìí. Bí o bá kọ̀, wọn kò jẹ ọ́ ní gbèsè Nọ́ọ̀sì. O lè pàdánù méjèèjì. Lọ bi ẹ̀ka ìgbàwọlé ilé-ẹ̀kọ́ náà bóyá àkójọ orúkọ míràn ṣì ń bọ̀ fún Nọ́ọ̀sì, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn yí kóòsì padà lẹ́yìn ọdún kìíní àti máàkì tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀ka Nọ́ọ̀sì kì í sábà gba àwọn tó ń yí kóòsì wá bẹ́ẹ̀.

Bí o bá wá gbà á, tí ìgbàwọlé sì jáde, tẹ "Accept" lórí CAPS kí o tó san owó ìtẹ́wọ́gbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà. Nǹkan méjì ni wọ́n. Ẹni tó sanwó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tẹ "Accept" kò tíì gba ohunkóhun lójú JAMB, kò sì ní rí ìwé ìgbàwọlé tẹ̀ jáde.