Ẹ Bi Wá: Àmàlà Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Hóró Magí àti Ògì Ọmọ

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n nìkan ló ń jẹ, kò fọwọ́ kan àkàsà mọ́, síbẹ̀ ṣúgà ọ̀hún kò wálẹ̀. Kí ló fà á?* (Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú baálé. Báwo ni òkèlè náà ṣe tóbi tó? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, àkàsà, gàrí, iyán, kò sí èyí tí kì í di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kì í tètè gbé ṣúgà sókè bí èyí tó pọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ kúnná tí wọ́n sì rò ó, ara á tètè dà á. Tí ó bá wá tóbi bí orí ọmọdé, àǹfààní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tán.

Òkèlè tó tó ìkúùkù ọkọ yín ni kó jẹ ní ìjókòó kan. Ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ kalẹ̀, kí ẹ fi tẹ̀tẹ̀ tàbí gbọ̀mà kún ìdajì rẹ̀. Ẹ̀fọ́ gan-an la ní o, kì í ṣe omi ọbẹ̀. Òkèlè gba ìdá mẹ́rin kan, ẹja, wàrà Fúlàní tàbí ẹ̀wà gba èyí tó kù. Kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kó tó kan òkèlè, ṣúgà á rọra gòkè. Àkàsà kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Kó padà sí i, kó ṣáà máa wọ̀n ọ́n.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ẹ lò ó ní wákàtí 2 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Bó bá ju 1,80 g/L (gíráàmù ṣúgà nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan) lọ, ẹ dín òkèlè kù lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tún wò ó. Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà.

Ohun kan tilẹ̀ wà tó ń já wa láyà ju àmàlà lọ: kí èèyàn gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí kó lo hóró glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà méjèèjì, láìjẹun. Ṣúgà á já wálẹ̀, òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ po hóró ṣúgà 3 (bíi gíráàmù 15) sínú omi fún un, kí ẹ wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì tó 0,70 g/L, ẹ tún fún un, lẹ́yìn náà kó jẹun. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kó má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń gba ààwẹ̀, kó rí dókítà kí oṣù tó lé.

*Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ mí lẹ́nu. N kì í bu iyọ̀ sí oúnjẹ mọ́, síbẹ̀ kò yí padà.* (Bàbá Awakọ̀, Kétu)

Bàbá, ẹ lọ wo inú ìkòkò. Iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó pé gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan tí a rẹ́ ojú rẹ̀. Hóró magí kékeré tó wọn gíráàmù 4, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ iyọ̀. Ká ní ìyàwó yín ju hóró 6 sí ọbẹ̀ ẹni 5: iyọ̀ tó ju gíráàmù 12 ti wọlé. Ẹnìkọ̀ọ̀kan yín ti jẹ bíi gíráàmù 2 àbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ike iyọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n fi kán-ún sè ní ibùdókọ̀ náà ńkọ́? Sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wà nínú kán-ún pẹ̀lú.

Ẹ má gé e lójijì, ọbẹ̀ á tẹ́, gbogbo ilé á sì kùn. Ẹ sọ 6 di 4, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ sọ ọ́ di 2. Ahọ́n á kọ́ ọ. Irú, alùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀ ló máa dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ irú wò lọ́jà, torí àwọn kan ń fi iyọ̀ pa á mọ́. Ẹ rẹ ẹja oníyọ̀ sómi, kí ẹ da omi náà nù. Ní ti iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, pòtásíọ̀mù ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó léwu fún ọkàn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá. Ẹ má sì fi oògùn yín sílẹ̀.

*Ọmọ oṣù 9 mi ń mu ògì dáadáa, ṣùgbọ́n kò sanra.* (Ìyá Ọmọ, Sábẹ̀ẹ́)

Ẹ bu ògì náà sí ṣíbí kí ẹ dà á. Bó bá ń ṣàn bí omi, omi lẹ fi ń bọ́ ọmọ. Kó ki tó láti dúró lórí ṣíbí, kí ẹ sì po ẹ̀pà lílọ̀ kúnná mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi ìyẹ̀fun sóyà sè é jinná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, kí ọmú má dúró. Oyin di ìgbà tó bá pé ọdún kan. Kí wọ́n fi téèpù yí apá òsì rẹ̀ ká ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12,5, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tó 11,5, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá 3. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, ẹ má wo ti apá mọ́, ilé ìwòsàn ni.