Ṣé kí n pa àyẹ̀wò signature lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà lẹ́bàá FUTA ní Àkúrẹ́ níbí, kọ̀ǹpútà 20 ni mo ní, Debian (irú Linux kan) ló wà lórí gbogbo wọn. Torí dátà tó wọ́n, mo ń fi rsync (ètò tó ń da fáìlì kọ) kó àwọn pákéèjì (àwọn ètò tí wọ́n ti dì sílẹ̀) ti Debian sórí sáfà kan káwọn ọmọ máa mú un níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ní báyìí àwọn kan ń rí "Hash Sum mismatch", àwọn míì ń rí 404 (pé fáìlì ò sí níbẹ̀), àgàgà tí iná bá lọ nígbà tó ń kó o lọ́wọ́. Ẹnì kan ní kí n kàn pa àyẹ̀wò signature. Ṣé kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á o. Àkọ́kọ́ ná, kò ní wo àrùn yẹn, torí ọ̀tọ̀ ni hash, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé fáìlì ò yí padà, ọ̀tọ̀ ni signature, ìyẹn ìbuwọ́lù tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ Debian ló ti wá, tẹ́ ẹ bá pa á tán mismatch yẹn á ṣì jókòó síbẹ̀. Ìkejì ló ká mi lára jù. Àwa ará Oǹdó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kòkó, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ, kí wọ́n tó lu èdìdì mọ́ àpò, ẹni tó bá wá rà á, èdìdì yẹn ló gbójú lé. Pákéèjì náà nìyẹn, ẹlòmíì ló ti dì í sílẹ̀ fún yín, ẹ ò sí níbẹ̀, àṣẹ root, ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, sì ni apt, ètò tó ń fi pákéèjì sórí kọ̀ǹpútà, fi ń gbé e wọlé. Tí ẹnì kan bá yọ́ wọ sáfà yín tó fi ayédèrú síbẹ̀, gbogbo 20 ló máa gbé e mì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí: inú fódà pool làwọn .deb, ìyẹn àwọn pákéèjì fúnra wọn, wà, inú fódà dists ni ìwé tó ń sọ ohun tó wà nínú ìsọ̀ wà. Nínú ìwé yẹn, InRelease ni wọ́n buwọ́ lù, ó gbé SHA256 (irú hash kan) ti Packages, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn pákéèjì, dání, Packages náà gbé ti .deb kọ̀ọ̀kan dání. Tí iná bá lọ nígbà tí InRelease tuntun ti wọlé tí Packages ṣì jẹ́ ti àná, mismatch dé nìyẹn. Tí Packages bá wọlé ṣáájú .deb, 404 nìyẹn, àfi bíi kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára pátákó pé búrẹ́dì ti dé nígbà tí mọ́tò tó gbé e ṣì wà ní Ìgbàrà-Òkè.

Torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ máa kó o. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi --exclude yọ Packages*, Sources*, Release* àti InRelease sílẹ̀, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, kí pool kún ná. Tó bá parí láìsí wàhálà ni kẹ́ ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú --delete-after, tó ń pa àwọn tí kò sí mọ́ rẹ́ lẹ́yìn tó bá kó tán, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kì í pẹ́, iná ò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè bà á jẹ́. ftpsync táwọn Debian fúnra wọn ní ká máa lò ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni wọ́n ń kó tuntun jáde, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóru ti tó yín.

Bó bá ṣe èmi ni ṣá, kọ̀ǹpútà 20 ò tó ohun tí mo máa torí ẹ̀ kó gbogbo pákéèjì Debian wá. apt-cacher-ng ni mo máa gbé sórí sáfà yẹn, pọ́ọ̀tù 3142, ọmọ tó bá kọ́kọ́ béèrè pákéèjì ló máa jẹ dátà, àwọn 19 tó kù á mú un lára sáfà.

Tí tòkúnbọ̀ kan bá ń sọ pé Release "is not valid yet" (pé àkókò ẹ̀ ò tíì tó), ẹ wo aago ẹ̀, bátìrì CR2032 inú ẹ̀ ló ti kú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún sáfà ṣe tán, ẹ pa ohun tó wà nínú /var/lib/apt/lists rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ tó ṣe apt update.